Sátidé Ni Iná Merrill Máa Ń Ṣẹ́jú

Iná ilé Merrill tún ti ń ṣẹ́jú.

Sátidé nìkan ló máa ń ṣe bẹ́ẹ̀, Sátidé kan náà tí Merrill máa ń fi fóònù bá àwọn tó ń wò ó lórí íńtánẹ́ẹ̀tì sọ̀rọ̀ láti inú igbó Maine, l'Amẹ́ríkà.

"Sólà nìkan ni mò ń lò!" ó ń pariwo sí fóònù tó gbé ka orí tábìlì. "Mo ti já wáyà iléeṣẹ́ mànàmáná dànù. Mi ò bẹ ẹnikẹ́ni!"

Ó gbá yìnyín kúrò lórí sólà. Iná ń ṣẹ́jú.

Ó fún nọ́ọ̀tì bátìrì le. Iná ṣì ń ṣẹ́jú.

"Lorene, kí lo tàn?"

"Gílóòbù kan ṣoṣo tó o fún mi láyè tàn náà ni, olówó orí mi," ìyàwó rẹ̀ dáhùn. "Bóyá òtútù ni."

"Òtútù wo ló mọ Sátidé?"

Lójijì, iná dúró gbọin.

Merrill gbé sípánà sókè. "Ẹ rí i? Ọwọ́ ara ẹni la fi ń tún ìwà ara ẹni ṣe!"

Ilẹ̀kùn ṣí. Ìyá Ouellette, aládùúgbò wọn, gbé ìkòkò ẹ̀wà tó máa ń sè ní gbogbo Sátidé wọlé bíi ti àtẹ̀yìnwá.

"Ẹ̀wà ti jinná, mo ti pa ààrò mànàmáná mi tó máa ń fa iná rẹpẹtẹ," ni ìyá wí. "Lorene ọmọ mi, ṣé iná tó ò ń fà láti ilé mi ti dúró gbọin báyìí? Mo ti bá ọ fi yìnyín bo wáyà yẹn, kí ọkọ rẹ má baà fẹsẹ̀ kọ ọ́."

Merrill ń gbàdúrà kí fóònù orí tábìlì kú.

Kò kú. Iná Ìyá Ouellette ló mu yó.