Àtẹ́wọ́ fún Màmá

"Ẹ pàtẹ́wọ́ fún màmá!" ni nọ́ọ̀sì kígbe. Kílò mẹ́sàn-án ti bọ́ lára ìyá tí àga kan kì í gbà tẹ́lẹ̀. Gbogbo àwọn tó ní ìtọ̀ ṣúgà lórí bẹ́ǹṣì pàtẹ́wọ́, bí wọ́n ti ṣe lóṣù tó kọjá.

"Màmá, ẹ sọ àṣírí yín fún àwọn alájẹkì yìí. Kí lẹ fi sílẹ̀?"

"Ọmọ mi, n ò ní parọ́ fún ẹ. N ò fi nǹkan kan sílẹ̀. Búrẹ́dì mi ṣì ń wọlé dáadáa."

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Nọ́ọ̀sì ò rẹ́rìn-ín. Ó ń wo ìwé tí òun fúnra ẹ̀ lẹ̀ mọ́ ògiri lẹ́yìn màmá: Ẹni tó bá ń rù láìdín oúnjẹ kù, kó tètè wá ṣàyẹ̀wò jẹjẹrẹ.

Màmá ò tíì sọ̀ kalẹ̀ lórí ìwọ̀n. "Ṣé àtẹ́wọ́ ti tán ni?"