Kọ́míìkì Mákindé

Mùtíátù fi aṣọ ìnura tuntun wé kọ́míìkì ọkọ rẹ̀, ó kì í bọ báàgì, ó fi báàgì náà kọ́ ọrùn, ó sì wọ kóòtù lé e. Mákindé ọkọ rẹ̀ ti kú. Nínú gbogbo ohun tó fi sílẹ̀, ìwé yìí ló fẹ́ràn jù. Ìgbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Toronto ló rà á ní ṣọ́ọ̀bù àlòkù kan, nítorí àwòrán iwájú rẹ̀: èèyàn mẹ́rin nínú ọkọ̀ òfúrufú, tí ìkùukùu pupa bò mọ́lẹ̀.

Ìtàn inú rẹ̀ kò gùn. Àwọn mẹ́rin náà padà sílé ayé, àmọ́ ara wọn ti yí padà. Ọ̀kan kò ní òjìji mọ́. Ọ̀kan ń gbọ́ ohun tí irin ń sọ. Oorun kúrò lójú ẹnì kẹta, ẹnì kẹrin sì wúwo débi pé ilẹ̀ ń jìn mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. Wọn ò gba ẹnikẹ́ni là. Ṣe ni wọ́n ń sá fún ara wọn títí ìwé fi parí. Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà ni ilé iṣẹ́ tó tẹ ìwé yìí tún kó irú àwọn mẹ́rin bẹ́ẹ̀ jọ, tí wọ́n sọ wọ́n di ẹgbẹ́ akọni tí ọmọdé gbogbo wá mọ̀, ìwé àkọ́kọ́ yìí sì wá di ohun olówó ńlá.

"Ibí ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀," ni Mákindé máa ń sọ fún ẹni tó bá fẹ́ gbọ́. "Kí wọ́n tó di akọni, ẹ̀rù ló kọ́kọ́ bà wọ́n."

Ilé ìkàwé kan láàárín ìlú fẹ́ pàtẹ ìwé náà, kí wọ́n sì kọ orúkọ Mákindé sábẹ́ rẹ̀. Akíndàmọ́lá, ọmọ Yorùbá kan tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ló bá Ọlámijùlọ, ọmọ wọn, ṣètò rẹ̀. Inú Ọlámijùlọ dùn débi pé ó gbé àwòrán ìwé náà sí Facebook. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Akíndàmọ́lá, ó ní màmá òun fúnra rẹ̀ ló máa fi ọkọ̀ ojú irin gbé e wọ ìlú láàárọ̀ Thursday. Mùtíátù náà kọ nọ́ńbà fóònù rẹ̀ síbẹ̀ fún ọ̀rẹ́ iléèwé rẹ̀ kan tó béèrè rẹ̀.

"Mummy, mo ní shift, mi ò ní lè tẹ̀ lé yín," ni Ọlámijùlọ wí láàárọ̀ Thursday náà. "But don't worry, wọ́n á rán ẹnìkan wá pàdé yín."

Mùtíátù ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ibi tí wọ́n ti ń wọ ọkọ̀ ojú irin ní Port Credit ni fóònù rẹ̀ dún.

"Ẹ káàárọ̀, mà. Akíndàmọ́lá ni, láti ilé ìkàwé. Ṣé ẹ ti wà ní stéṣọ̀n?"

Ohùn tútù ni. Mùtíátù ní òun ti débẹ̀.

"Mà, mi ò fẹ́ dẹ́rù bà yín. A gbọ́ pé ẹnìkan fẹ́ gba ìwé yẹn lọ́wọ́ yín. Ẹ rọra wo ẹ̀yìn. Ṣé ẹ rí ọkùnrin kankan tó ń wò yín?"

Mùtíátù bojú wẹ̀yìn. Ọkùnrin dúdú kan dúró lẹ́bàá ẹ̀rọ tíkẹ́ẹ̀tì, ó ń wò ó lóòótọ́. Ó gbé ọwọ́ sókè.

"Ó wọ kóòtù aláwọ̀ eérú," ni Mùtíátù wí.

"Òun náà ni. Ẹ má dá a lóhùn, mà. Ẹ má sì pa fóònù yìí, kí n lè máa gbọ́ yín."

Ọkọ̀ dé. Mùtíátù wọlé, ọkùnrin náà sì sáré wọlé tẹ̀ lé e. Mùtíátù kò jókòó. Ó gba ilé ìyàgbẹ́ ọkọ̀ náà lọ, ó ti ilẹ̀kùn mọ́rí.

Ẹnìkan kan ilẹ̀kùn.

"Mummy. Ẹ jọ̀ọ́, mà."

Ariwo ọkọ̀ gbé ìyókù ọ̀rọ̀ náà mì. Fóònù gbọ̀n létí Mùtíátù. Nọ́ńbà tí kò mọ̀ rí ló fẹ́ wọlé. Ó sọ fún ẹni tó ń bá a sọ̀rọ̀.

"Ẹ má gbé e. Òun ló máa jẹ́."

"Níbo ló ti rí nọ́ńbà mi?"

"Ṣebí ẹ kọ ọ́ sí Facebook, mà."

Mùtíátù bẹ̀rẹ̀ sí ka Fátíhà, ó ń ṣì í. Ó rò ó pé bí ọkùnrin náà bá já ilẹ̀kùn wọlé, òun á gbé ìwé fún un, kí ẹ̀mí ṣáà wà. Lẹ́yìn náà ó rántí bí Mákindé ṣe máa ń fọ ọwọ́ kó tó ṣí ìwé náà. Ó fi apá méjèèjì gbá báàgì mọ́ àyà. Ẹni tó wà lẹ́nu ọ̀nà tún kan ilẹ̀kùn.

"Ẹ fọkàn balẹ̀, mà," ni ohùn inú fóònù wí. "Bí ẹ bá ti bọ́ọ́lẹ̀ ní stéṣọ̀n Union láàárín ìlú, ẹ kánjú. Jessica, ẹni wa, wà nísàlẹ̀ àtẹ̀gùn, ó wọ jákẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ ewé. Ẹ gbé báàgì fún un. Tí kò bá ti sí lọ́wọ́ yín mọ́, kò sí ohun tí onítọ̀hún máa fi yín ṣe."

Nígbà tí ọkọ̀ dúró, tí àwọn èrò dìde, Mùtíátù ṣílẹ̀kùn, ó fi ara pamọ́ sáàárín wọn.

"Mummy, ẹ dúró," ni ọkùnrin náà ń pè lẹ́yìn.

Ó ti pẹ́ tí Mùtíátù ti sáré kẹ́yìn, ṣùgbọ́n ó sáré. Bàtà rẹ̀ kan bọ́ lórí àtẹ̀gùn, kò wẹ̀yìn. Jessica wà níbẹ̀ lóòótọ́, tòun ti káàdì lọ́rùn. Ó pe orúkọ Mùtíátù, ó rẹ́rìn-ín, ó gba báàgì náà pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì.

"You're safe now, ma," ló wí, ó sì bá èrò lọ.

"Ẹ ṣé gan-an ni, mà," ni ohùn inú fóònù wí, ó sì pa á.

Mùtíátù fẹ̀yìn ti ògiri. Ó rí i tí oníkóòtù eérú náà ń sọ̀ kalẹ̀ bọ̀, ó mú bàtà Mùtíátù dání lọ́wọ́ kan, fóònù wà létí rẹ̀ lọ́wọ́ kejì. Ẹ̀rù rẹ̀ kò bà á tó tìṣáájú mọ́. Kò sí ohun tó máa gbà lọ́wọ́ òun. Fóònù Mùtíátù dún, ó gbé e.

"Mummy, Akíndàmọ́lá ni," ni ọkùnrin tó dúró níwájú rẹ̀ wí sínú fóònù, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, "láti Port Credit ni mo ti ń pè yín, Ọlámijùlọ ní kí n bá yín gbé ìwé náà."