Ẹ̀bẹ̀ Inú Èéfín

Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ da orí ọkọ̀ òfurufú kékeré kan tó ń sọ̀rọ̀ rú, láti dán Ìbíwùmí wò bóyá yóò lè tètè jáde, wọ́n sì fín èéfín sí i. Ìbíwùmí di irin pupa tó ń já ìbòrí onígíláàsì dànù mú. Ohùn ìyá rẹ̀ tó ti dolóògbé ni ọkọ̀ náà ń lò, bí òfin ṣe wí pé kí ọkọ̀ máa fi ohùn ẹbí awakọ̀ sọ̀rọ̀.

"Ìbí, má fà á o!"

"Ẹ má bínú, Màámi." Ìgbà tó bẹ̀bẹ̀ tán ló tó fà á.

"O ti pẹ́ jù, o ti jóná!" ni ọ̀gá tó ń dán an wò kígbe láti ìsàlẹ̀. "Bó o bá tún bẹ̀bẹ̀, ilé yá!"

Wọ́n dá ìbòrí padà. Lẹ́ẹ̀kejì, ohùn náà ń sunkún. Ìbíwùmí pa ẹnu mọ́, ó fà á. Ìbòrí fò lọ, gbàù!

"O káre!"

Ìgbà tó sọ̀kalẹ̀ tán ló tó kúnlẹ̀ fún ọkọ̀ náà.