Ẹja Tó Ń Gòkè Odò

Tí àkọ́rọ̀ òjò bá ti rọ̀, àwọn ẹja àrọ̀ tó lẹ́yin nínú a máa gòkè odò wa lọ yé e sábẹ́ àpáta. Apẹja kì í fọwọ́ kàn wọ́n. Ìyẹn ò kan Akíndúró. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó jókòó, ó ń la ikùn wọn láàyè, ó ń kó ẹyin wọn sínú igbá.

Omi tó ń já látorí àpáta dákẹ́ lójijì. Obìnrin kan jáde nínú odò, aṣọ rẹ̀ gbẹ.

"Ẹ kú iṣẹ́. Ìyàwó yín ńkọ́?"

"Ó wà nílé. Ọjọ́ ìkúnlẹ̀ rẹ̀ ti sún mọ́."

Ó gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ Akíndúró, ó kọrí sí ọ̀nà ilé rẹ̀. Akíndúró fẹ́ dìde, ẹsẹ̀ rẹ̀ ò gbé e.

"Ẹ fọkàn balẹ̀," ni obìnrin náà wí. "Bí ẹ ṣe ń ṣe é gan-an ni màá ṣe é."