Omi Inú Ike ní Abúlé Fátọ́lá

Ní ìparí oṣù karùn-ún, Dìran, òṣìṣẹ́ àjọ kan tó ń ran àgbẹ̀ lọ́wọ́, gbé ike mẹ́fà lọ sí Abúlé Fátọ́lá, lẹ́yìn Ìtòrí. Ike gígùn tó mọ́ gaara ni, wọ́n fa ogójì ìlà sí ara ọ̀kọ̀ọ̀kan, iṣẹ́ rẹ̀ kò sì ju kí ó gba òjò sínú lọ. Ó fi wọ́n kọ́ òpó níwájú ilé àgbẹ̀ mẹ́fà.

"Gbogbo ọjọ́ Ẹtì ni n ó máa wá gbà á lọ́wọ́ yín," ló wí.

Ọ̀ṣungbèmí, opó tó jẹ́ olórí ẹgbẹ́ àgbẹ̀ wọn, ní àwọn gbọ́. Àgbàdo rẹ̀ ti jóná lóko lẹ́ẹ̀mejì léraléra, nítorí òjò ayé ìsinsìnyí kò mọ ìgbà mọ́. Bí ẹlẹ́ẹ̀kẹta bá tún jóná, ilé ọmọ rẹ̀ obìnrin ní Òwu ló ń lọ jókòó sí. Kò fẹ́ lọ rárá. Ọkọ ọmọ náà máa ń yí rédíò sókè jù.

"Ẹ fọkàn balẹ̀, Màmá," ni Dìran wí. "Irúgbìn tí ọ̀dá kì í pa ń bọ̀ kí oṣù kẹjọ tó parí."

Kò parọ́. Irúgbìn náà wà ní ọ́fíìsì wọn ní Ìgbẹ̀ìn, àpò lórí àpò. Ṣùgbọ́n iye omi inú ike ni yóò sọ abúlé tí yóò gbà á, èyí tí òjò rẹ̀ bá kéré jù, Ìyáàfin Harriet, ọ̀gá rẹ̀, sì ti kìlọ̀ fún un pé kò gbọdọ̀ sọ ọ́ létí àgbẹ̀ kankan. "Bí wọ́n bá mọ̀, mágòmágó ni wọn yóò fi ṣe."

Ní ọjọ́ Ẹtì àkọ́kọ́, Ọ̀ṣungbèmí já ike tirẹ̀ lórí òpó, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un. Omi inú rẹ̀ dé ìlà kẹwàá. Dìran wo ojú ọ̀run, ó wo ilẹ̀ tó sán bíi gìgísẹ̀ àgbà lásìkò ọyẹ́. Ó kọ ọ́ sílẹ̀: mẹ́wàá. Lẹ́yìn náà ó da omi náà sílẹ̀, bí wọ́n ti kọ́ ọ ní iṣẹ́. Ọ̀ṣungbèmí ń wo omi náà títí ilẹ̀ fi mu ún tán.

"Àṣẹ," ló wí.

Dìran, ọmọ ọmọ olùkọ́ ìjọ Áńgílíkà, kò mọ àdúrà tí màmá náà gbà, ṣùgbọ́n ó ṣe àmín.

"Màmá, ṣé òjò rọ̀ níbí ni?"

"Òjò kẹ̀? Òjò wo?"

Nígbà tó ròyìn fún ọ̀gá rẹ̀, Harriet rẹ́rìn-ín. "Dìran, àgbẹ̀ wo lo rí rí tó gbà pé òjò rọ̀? Ẹnu lè parọ́. Ike kì í parọ́."

Ní oṣù keje, odò abúlé gbẹ. Kẹ́ẹ̀gì ni wọ́n ń dì sẹ́yìn ọ̀kadà lọ pọn omi ní Ìtòrí. Omi inú ike ní tirẹ̀ ń gòkè sí i: mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ogún, méjìdínlọ́gbọ̀n. Ti Ọ̀ṣungbèmí ló máa ń pọ̀ jù. Lọ́jọ́ Ẹtì kan tí tirẹ̀ kò ju mọ́kàndínlógún lọ, ó tọrọ gáfárà.

"Má bínú, ọmọ mi. Ọ̀sẹ̀ yìí le."

Dìran mọ̀ pé ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Ó wá sí i lọ́kàn pé bóyá ẹnìkan ń bu omi sí i. Ṣùgbọ́n ta ni yóò gbé omi Ìtòrí lórí ọ̀kadà kó wá fi ṣeré? Àti pé kí ó bi àgbàlagbà ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀, ó ti pè é ní oníjìbìtì nìyẹn, wọn kò sì kọ́ ọ bẹ́ẹ̀ nílé. Ó kọ ọ́ sínú ìwé pé òjò abúlé náà máa ń rọ̀ lójú kan ṣoṣo, níbi tí ike wà. Harriet yìn ín fún àkíyèsí rẹ̀.

Ní ìparí oṣù kẹjọ, ọkọ̀ akẹ́rù dé. Ọ̀ṣungbèmí ti kọ ebè sílẹ̀ de irúgbìn. Àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tò pẹ̀lú igbá lọ́wọ́. Wọ́n ká tapólì kúrò lórí ẹrù. Ọkọ̀ ojú omi méjì ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú àjẹ̀ ìtukọ̀ mẹ́fà àti ẹ̀wù pupa tí kì í jẹ́ kí ènìyàn rì.

Ògúnkúnlé, tó dàgbà jù nínú wọn, gbé ẹ̀wù kan wọ̀. "Ó bá mi mu," ló wí.

Ọ̀ṣungbèmí gbé igbá rẹ̀ kalẹ̀. "Irúgbìn wa dà, Dìran?"

"Màmá, ìwé ọ́fíìsì ní omíyalé ń bọ̀ wá gbé yín lọ." Ìtìjú mú un débi pé ó gbàgbé ẹ̀kọ́ ilé. "Ẹ jọ̀ọ́, níbo gan-an ni omi inú ike yẹn ti ń wá?"

Ọ̀ṣungbèmí wò ó bí ẹni tí ìyá rẹ̀ kò tọ́. "Ọmọ mi, ta ló ń dá abọ́ àlejò padà lófìfo? Ọjọ́ tí omi tán nílé, èyí tí mo fẹ́ fi gbé oògùn mì ni mo dà sí i fún ọ."