Ańpílífáyà Jedidiah

"Tẹ̀ ẹ́ wàyí, Màmá tún ti ń bèèrè ẹ̀gbọ́n rẹ," ni àǹtí wọn sọ sí àbúrò Jedidiah, onígìtá, létí ní pálọ̀.

Ojú Màmá ti fọ́. Ohùn ańpílífáyà onígílóòbù, ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn gìtá sókè, tí Jedidiah rà láti Ìlú Ọba ló fi máa ń mọ̀ pé ọmọ òun ti ti ibi iṣẹ́ dé. Jedidiah àti ẹ̀rọ náà jọ ṣòfò nínú ìjàǹbá mọ́tò ní Papalanto. Abiyamọ kì í mọ ibi tí wọ́n sin ọmọ rẹ̀ sí; ti Màmá yìí, kò tiẹ̀ sẹ́ni tó lè túfọ̀ fún un.

Onígìtá fẹsẹ̀ tẹ pẹ́dà tuntun, ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ṣe láti máa sín ohùn irú ańpílífáyà bẹ́ẹ̀ jẹ. Ó dún kẹ́. Ó ta gìtá, ohùn náà sì bú jáde, ó há díẹ̀ lọ́fun, gẹ́lẹ́ bíi ti àtijọ́.

"Ẹ̀rọ ọmọ mi kì í tètè fọhùn báyìí," ni Màmá wí láti yàrá. "Bó bá ti tàn án, ó ní láti kọ́kọ́ gbóná. Mo máa ń gba Àdúrà Olúwa tán kó tó dún."

Ọwọ́ onígìtá dúró lórí okùn.

"Ibo lẹ sin ín sí?" ni Màmá bèèrè.