Ọlọ́ṣẹ Tí Kò Ka Ìdí Àpò

Obìnrin ọlọ́ṣẹ kan wà tí etí rẹ̀ kì í gba àlàyé. Bí ènìyàn bá fẹ́ bá a sọ ọ̀rọ̀ mẹ́ta, kò ní jẹ́ kó parí ìkíní tí yóò fi ní, "Mo ti gbọ́." Wọ́n kúkú sọ ọ́ ní Mo-ti-gbọ́. Síbẹ̀, ọṣẹ rẹ̀ dára. Ó ń hó, ó ń ta sánsán, orí íńtánẹ́ẹ̀tì ló sì ti ń tà á.

Nígbà tí àwọn oníbàárà bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè pé kó máa di ọṣẹ náà sínú àpò tí kì í ba ilẹ̀ jẹ́, ó lọ bá ọkùnrin kan tó ń ta àpò. Ọkùnrin náà tẹ́ oríṣi méjì sórí tábìlì.

"Ẹ wò ó, mà. Èyí ṣeé yọ́ fi ṣe òmíràn, àmọ́ kì í jẹrà. Èyí tí wọ́n ya ewé sí ń jẹrà, ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń fi ooru líle sọ pàǹtí di ajílẹ̀ nìkan ni…"

"Mo ti gbọ́. Ẹ di eléwé fún mi, ẹgbẹ̀rún márùn-ún."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka ìdí rẹ̀ ná."

"Ṣé ojú mi fọ́ ni? Ewé kọ́ ni mo ń wò yìí?"

Abèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà, ṣùgbọ́n tiwa yìí kò tilẹ̀ dúró gba ìdáhùn tí wọ́n fún un lọ́fẹ̀ẹ́.

Ó délé, ó kọ ọ́ síbi tó ti ń polówó ọjà pé: "Ẹ bo àpò wa mọ́lẹ̀ ní ẹ̀yìnkùlé yín. Láàárín oṣù mẹ́ta, ó ti di erùpẹ̀."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, tí wọ́n jọ ń di ọjà, kà á. "Àbúrò mi, ta ló sọ oṣù mẹ́ta fún ọ?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ṣáà máa di ọjà."

Ó sú ẹ̀gbọ́n, ó ń di ọjà rẹ̀ lọ. Ẹyin lohùn; èyí sì ti balẹ̀ ná.

Olùkọ́ kan ra ọṣẹ náà, òun àti àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ sì bo àpò rẹ̀ mọ́lẹ̀ nínú ọgbà ilé ìwé. Oṣù mẹ́ta pé, kò jẹrà. Ó kọ̀wé. Ọlọ́ṣẹ ní bóyá ilẹ̀ wọn ló le. Oṣù mẹ́fà pé, wọ́n hú u, wọ́n fọ̀ ọ́, ó ń dán bí ọjọ́ tí wọ́n rà á. Olùkọ́ ya fọ́tò rẹ̀, ó gbé e síta fún gbogbo ayé: "Àwọn ọmọ ń bi mí bóyá irọ́ ni ọlọ́ṣẹ pa. Kí ni kí n sọ fún wọn?"

Òtẹ́ẹ̀lì tó fẹ́ máa kó ọṣẹ sí gbogbo yàrá rẹ̀ yí ohùn padà. Àwọn oníbàárà ní, "Bí àpò bá jẹ́ irọ́, kí ló wà nínú ọṣẹ gan-an?" Èyí ló dùn ún jù, torí kò sí àbùlà kankan nínú ọṣẹ rẹ̀.

Ó fi ìbínú gba ọ̀dọ̀ alápò lọ. "Ẹ tàn mí jẹ!"

Ọkùnrin náà kò jà. Ó yí ìdí àpò sókè, ó ní kó kà á. Lẹ́tà wínníwínní ni: *Kò lè jẹrà nínú ilẹ̀ ilé.*

Kò ju oṣù méjì lọ tí òwò fi dákẹ́. Ní báyìí, ilé iṣẹ́ ọlọ́ṣẹ mìíràn ni Mo-ti-gbọ́ ti ń ro ọṣẹ, orúkọ ẹlòmíràn ni wọ́n sì ń tẹ̀ sí i lára.

Ẹ̀yin oníṣòwò, ẹ gbọ́ o. Pé ohun kan ṣeé yọ́ tún ṣe kò sọ pé ó ń jẹrà, èyí tó sì ń jẹrà kì í jẹrà níbi gbogbo. Àwòrán ewé kì í ṣe ẹ̀rí. Kí ẹ tó ṣèlérí fún ẹni tó gbà yín gbọ́, ẹ gbọ́ àlàyé dópin, ẹ ka ohun tí wọ́n kọ, kí ẹ sì bèèrè èyí tí kò yé yín. Ọ̀rọ̀ tí a kò lóye tí a fi polówó ọjà, irọ́ ni lójú ẹni tó rà á, bí a kò tilẹ̀ ní i lọ́kàn láti purọ́.